Ohun Tí Amọ̀ àti Wáyà Kọ́ Wa

Olóòtú ìwé ìròyìn wa yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹṣin amọ̀ tí ó dúró lórí tábìlì ní ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọjá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọlá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa mẹ́rin tí a mọ ẹṣin náà jókòó láti kọ̀wé, a rí i pé ohun tí a lè sọ nípa ẹṣin tí ó dúró kò pọ̀. Ẹṣin márùn-ún ni ó ti ṣubú kí ọ̀kan tó dúró, nínú àwọn márùn-ún wọ̀nyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa sì wà. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ fún wa láyè kí a sọ ti àwọn tí ó ṣubú. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, a kì yóò bínú. A ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ ó rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà ni olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì kejì mọ ohun kan tí àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi ìkọ́ni dánra wò lè máa fi ojú rí nígbà tí a bá ń sọ ìtàn fún wọn. Ó gbà wá nímọ̀ràn pé kí a mú ohun tí kò ga, tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀: ìjàpá, tàbí adìyẹ tí ó sàba. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù gbọ́ràn. Àwa kò gbọ́. A wí láàrin ara wa pé ìjàpá kì í ṣe ohun tí ọkùnrin mẹ́rin ń fi odindi sáà kan mọ. Ẹṣin ni a ó mọ, ẹṣin tí ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tí jagunjagun sì jókòó lé e lórí. Ìgbéraga ni ó yan iṣẹ́ náà fún wa, kì í ṣe ọgbọ́n.

Amọ̀ nìkan ni a fi mọ ẹṣin kìn-ín-ní. A wa amọ̀ náà ní etí odò tí ó wà lẹ́yìn oko ilé-ẹ̀kọ́ wa, a pò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀. Ara ẹṣin náà dára, orí rẹ̀ pàápàá sì jọ orí ẹṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e nàró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, àwọn ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àbẹ́là tí oòrùn pa, títí ikùn ẹṣin fi kan pákó. A wò ó, a rẹ́rìn-ín, a sì dà á sí ààtàn.

Ọ̀kan nínú wa wí pé ohun tí ó ṣe ẹṣin náà hàn gbangba: kò ní egungun. Kò sí ẹranko tí ó lè dúró bí kò bá ní egungun. A wá wáyà ọgbà àtijọ́ kan tí a ti sọ nù, a fi ẹ̀mú gé e, a sì tẹ̀ ẹ́ ní àwòrán ẹṣin, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀yìn àti ọrùn. Inú wa dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán. Bí a ti ń lẹ amọ̀ mọ́ ọn ni amọ̀ ń yọ̀ kúrò bí èkọ ti ń yọ̀ kúrò nínú ewé. A fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ó fi dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a sùn bí ẹni tí ó ti ṣẹ́gun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí i pé ẹṣin wa ti sán láti ọrùn dé ìrù, gbogbo ojú ibi tí wáyà gbà kọjá ni ó sì ti lanu, bí ẹni pé egungun náà ń fẹ́ jáde. A tún dà á sí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ wàyí kò rọrùn fún wa láti kọ, ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́, kò sí ohun tí ìyókù yóò wúlò fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹṣin kejì sán, ó kàn wá láti kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀kan nínú wa ni ó dúró níwájú kíláàsì, àwọn mẹ́ta yòókù sì jókòó lẹ́yìn láti wo bí ó ti ń kọ́ni, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó pàṣẹ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi amọ̀ mọ ẹran kan tí ó ti rí rí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ó mọ màlúù. Màlúù náà fẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, ikùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Olùkọ́, èyíinì ni ọ̀kan nínú wa, gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i, ó sì bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ọmọ, kí ni èyí?” Ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Iṣu ni, sà!” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́ta tí a jókòó lẹ́yìn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Nígbà náà ni a ju màlúù náà jáde lójú fèrèsé, a sì bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì àyè ọmọ náà ṣófo. A pe orúkọ rẹ̀, a kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé kò wá. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ kẹta àti ní ọjọ́ kẹrin. A kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹṣin kẹta ni ó jẹ́ kí a rò ó. A ti ronú pé omi ni ó mú kí èkejì sán. Nítorí náà a pinnu pé a ó lé omi náà jáde kánkán. A lo wáyà tí ó nípọn jù ti ìṣáájú lọ, a sá ẹṣin náà sí oòrùn fún odindi ọjọ́ kan, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì, a dá iná sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, a gbé ẹṣin sí i láàrin gẹ́gẹ́ bí a ti ń sun ìkòkò. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n àwa ń kánjú. Kò pẹ́ tí ìró kan fi dún bí ìbọn. Alásè wa sáré jáde pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ẹṣin kan fò jáde nínú iná, ó sì ba ọ̀kan nínú wa ní ojúgun. Nígbà tí èéfín lọ, kò sí ohun tí ó kù ní odindi bí kò ṣe orí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a wọ yàrá ìjẹun, a bá orí ẹṣin náà lórí tábìlì ní àyè wa. Ẹnìkan ti bù ú láti ààtàn, ó sì ti fi koríko sí i lẹ́nu. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. A kò bá ẹni tí ó ṣe é wí. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ṣẹlẹ̀ sí, àwa náà ìbá ṣe é. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun wa lọ. Ọkùnrin ni wá, a ti lé ní ogún ọdún, síbẹ̀ a ń wá ẹni tí yóò bá wa pa fìtílà kí ojú má baà rí wa.

Lẹ́yìn tí agogo ìsùn ti lù, tí gbogbo ilé ìbùsùn sì ti dákẹ́, ọ̀kan nínú wa sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Ó ní, “Ọmọ mélòó ni ó wà nínú kíláàsì ní ọjọ́ màlúù yẹn?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń wí.

Ní ọjọ́ Sátidé a tọrọ àyè, a sì lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà, ẹni tí ó júwe ilé fún wa. Ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ìyá náà sì jẹ́ amọ̀kòkò. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bá ọmọ náà tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ nínú àgbàlá. Bí ó ti rí wa, ó sá lọ sí ẹ̀yìn ilé.

A dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà kú iṣẹ́. Ó ní kí a dìde, ó sì bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ọmọ náà ṣe?” A ní òun kọ́ ni ó ṣẹ̀, àwa ni. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ó ti rí, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ wa tán láìsọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára ìkòkò tí ó ń mọ. Ó ti da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, ó ń tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ó sì ń yí i ká, nítorí àwọn amọ̀kòkò wa kì í lo kẹ̀kẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yí ìkòkò ká.

Nígbà tí ó yá, ó wí pé, “Ó sọ fún mi pé màlúù òun bàjẹ́. Mo ní kí ó gbé e wá kí n wò ó. Ó ní wọ́n ti sọ ọ́ nù.” Ó gbójú sókè wò wá. “Ẹ sọ ọ́ nù? Ta ni yóò wá sọ ohun tí ó ṣe é fún un?”

A kò rí èsì fọ̀. Ọ̀kan nínú wa, bóyá kí ó lè mú ojú wa kúrò nílẹ̀, sọ fún un pé àwa náà ń mọ ẹṣin, àti pé mẹ́ta ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó béèrè pé, “Níbo ni wọ́n wà?”

A ní, “Ààtàn ni, Ìyá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà! Ẹ mọ ìwé kà, ẹ kò sì ka èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ.”

Ó dìde, ó sì mú wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ó kó àwọn àfọ́kù jọ sí. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n fún wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka lẹ́tà. Èyí sán ní ìdí: ìdí rẹ̀ nípọn ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu sì gbẹ ṣáájú ìdí. Èyí bó ní ibi kan bí ẹni pé a fi èékánná họ ọ́: òkúta kékeré kan wà nínú amọ̀ tí ọwọ́ òun kò rí. Èyí dúdú ní àárín: iná kò dé inú rẹ̀ tó. Èyí ya ní ojú ibi tí a ti lẹ amọ̀ mọ́ amọ̀: ìsàlẹ̀ ti gbẹ jù kí òun tó mọ òkè lé e, nítorí náà wọ́n kò mọ ara wọn. Lẹ́yìn náà ó fi ọlọ kan hàn wá. Ó ní àwọn tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ wọn tán ni òun ń gún, tí òun ń lọ̀, tí òun sì ń pò mọ́ amọ̀ tuntun. Ó ní, “Èyí tí ó ti la iná kọjá kì í bẹ̀rù iná mọ́. Òun ni ó ń di àwọn ọmọdé mú.”

Bí a ti ń padà lọ, a rántí wòlíì Jeremiah, ẹni tí a rán lọ sí ilé amọ̀kòkò. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ìrìn àjò náà. A kò rò rí pé àwa pẹ̀lú yóò rìn ín, àti pé nítorí màlúù ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe nígbà tí a dé ilé ni pé a mú ọkọ́, a sì lọ sí ààtàn. Àwọn tí ó rí wa rò pé orí wa ti dàrú. A hú ohun tí ó kù nínú ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, a tò wọ́n sórí tábìlì nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́, a sì pe olùkọ́ wa wá. Òun pẹ̀lú fi ọwọ́ rẹ̀ tú wọn wò, ohun tí àwọn ẹṣin náà sì sọ ni ó ṣàlàyé fún wa.

Ó ní omi púpọ̀ wà nínú amọ̀ tútù, nígbà tí omi náà bá sì jáde, amọ̀ a máa súnkì. Amọ̀ tí ó gùn ní 100 ínǹṣì nígbà tí ó tutù lè di 95 tàbí 90 nígbà tí ó bá gbẹ tán. Ṣùgbọ́n wáyà kì í súnkì. Nígbà tí amọ̀ bá ń súnkì lórí ohun tí kò fẹ́ súnkì, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó lanu? Ohun tí ó pa ẹṣin kejì nìyẹn, a sì rí ipa wáyà nínú gbogbo ìlà tí ó sán. Ní ti ẹ̀kẹta, ó fọ́ ikùn rẹ̀ sí méjì, ó sì fi àárín hàn wá: kò ní ihò, ó nípọn bí ọwọ́ àgbàlagbà, kò sì sí àní-àní pé inú rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí ara rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí omi bá di oruku gbígbóná, ó ń gba àyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 àyè tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí oruku náà kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò la ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí ni a ti kọ sínú ìwé wa ní kíláàsì ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá, a sì ti gba máàkì lé e lórí. Síbẹ̀ a ru omi lọ sínú iná.

Nígbà tí a sọ fún olùkọ́ wa nípa ọlọ ìyá náà, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa Ilé-Ifẹ̀. Ó ní àfọ́kù ìkòkò ni àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ọ̀nà wọn. Wọ́n tò wọ́n ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sókè, wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sí i ní ibòmíràn. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i láṣọ. Ó tún sọ fún wa nípa àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. A fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì júwe rẹ̀. Amọ̀ ni a kọ́kọ́ ń mọ fún inú. A ó fi ìda bò ó, a ó sì ya ojú àti imú sára ìda náà. A ó tún fi amọ̀ bo ìda. A máa ń fi ìṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un láti òde dé inú, kí amọ̀ inú má baà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ nígbà tí ìda bá yọ́ jáde nínú iná. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni a ń da idẹ yíyọ́ sí. Nígbà tí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ òde.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Amọ̀ àti irin, ohun kan náà tí ó ń bá wa jà, ni wọ́n wà nínú iṣẹ́ àwọn bàbá wa. Bí iṣẹ́ náà bá sì bàjẹ́, kò sí àtúnṣe kékeré: a ti fọ́ amọ̀, ìda ti lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó ti tún un ṣe. Olùkọ́ wa ní ère ọkùnrin kan wà tí ó jókòó, tí a rí ní Tádà lẹ́bàá Odò Ọya ní ilẹ̀ Tápà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Bàbà sì nira láti dà ju idẹ lọ: ó ń fẹ́ iná tí ó gbóná ju ti idẹ, kì í sì í ṣàn wọ igun kéékèèké bí idẹ. Ní tiwa, a kò lè gbàgbọ́ pé ẹni tí ó ṣe ère náà kò ba iṣẹ́ jẹ́ rí. Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé kò da èyí tí ó bàjẹ́ sí ààtàn kí ó tó wò ó.

A bẹ̀rẹ̀ ẹṣin kẹrin. Ní àkókò yìí a lọ́ wáyà méjì pọ̀ mọ́ ara wọn, a fi ìko wé wọn yíká kí amọ̀ lè rí ohun dì mú, a sì so igi pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ mọ́ wọn ní ikùn àti ní itan. A gún àfọ́kù ìkòkò, a fi asẹ́ jọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ amọ̀. Nígbà tí a mọ ọ́n tán, a fi aṣọ tútù bò ó, a gbé e sí ibòji, a sì jẹ́ kí ó gbẹ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sán. Ṣùgbọ́n ó ń fì síwájú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí ó fi fi imú gúnlẹ̀. A kò dà á nù. A yẹ̀ ẹ́ wò, a sì rí i pé ní pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wáyà pin sí; egungun wà nínú ẹṣin, ṣùgbọ́n egungun náà kò di ilẹ̀ mú. Ní ti ẹ̀karùn-ún, a mú wáyà ẹsẹ̀ la inú pákó kọjá, a sì fi ìṣó kàn án mọ́ ọn lábẹ́. Ara rẹ̀ dúró gbọn-in. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni a wá mọ ọrùn rẹ̀ àti ẹni tí ó gùn ún, ní òru ọjọ́ kẹta sì ni orí rẹ̀ ṣubú sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bínú nínú wa. A gbé ojú ibi tí ó ti ya sí ìmọ́lẹ̀, gbogbo wa sì sọ̀rọ̀ pa pọ̀ pé, “Wọ́n kò mọ ara wọn.” Àfọ́kù kẹrin ìyá náà ni.

Ẹ̀kẹfà ni ẹ rí lórí tábìlì. A kò sun ún nínú iná, nítorí wáyà wà nínú rẹ̀. A kàn fi ẹfun kùn ún ni. Ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ibi kan tí ó ṣì sán díẹ̀.

Kí ni ti ọmọ náà? Ó padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdé tí ó tẹ̀lé ìbẹ̀wò wa. Níwájú kíláàsì tí ó ti rẹ́rìn-ín náà ni ọ̀kan nínú wa ti bẹ̀ ẹ́, a sì fi ẹṣin wa tí ó fọ́ han gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín gidigidi, òun pẹ̀lú sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tún jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ó jókòó sí, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún na ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè. A kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà rò pé ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ kan a máa tún ohun tí ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí ó tún mọ màlúù, ó mọ ọ́n ní ìdùbúlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́, ó sì gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè ní ihò. A bi í léèrè ìdí tí kò fi mú un dúró. Ó ní, “Sà, bí ó bá rẹ màlúù, a máa dùbúlẹ̀.” Iná ìyá rẹ̀ àgbà ni a fi sun ún, ó sì jáde ní odindi. Ìmọ̀ràn tí olùkọ́ wa fún àwa ọkùnrin mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí a kọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ rí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, olùkọ́ ni a ó jẹ́, ohun tí yóò sì máa kọjá lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́ jù lọ ni àṣìṣe àwọn ọmọdé. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ kan mú sílétì rẹ̀ wá fún wa. A ní kí ó yọ 17 kúrò nínú 31. Ó kọ 26. Ní ìgbà àtijọ́ à bá fa ìlà sí i, à bá pa á rẹ́, bóyá à bá sì fi ọ̀pá kún un. Ní ọjọ́ náà a bi í bí ó ti ṣe é. Ó ní òun yọ 1 kúrò nínú 7, ó ku 6. Òun yọ 1 kúrò nínú 3, ó ku 2. Ẹ wò ó: ọmọ náà mọ ìyọkúrò, ó sì mọ̀ pé a máa ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀, èyíinì ni pé 1 tí ó wà lókè lè yá mẹ́wàá lọ́wọ́ 3. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni a fi kọ́ ọ. Bí a bá ti pa sílétì náà rẹ́ kí a tó kà á, à bá ti da ẹ̀rí náà sí ààtàn, ọmọ náà ìbá sì máa kọ 26 títí di ọ̀la.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni a ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa pè wá nígbà tí a bá kúrò níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń wo ẹ̀yìn, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ náà, láìfi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí a bá ń fi ṣẹ̀sín kì í dúró wo ibi tí ó ti ṣubú; sísá ni ó ń sá.

Àwọn ẹṣin márààrún wà lórí pẹpẹ nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́, olùkọ́ wa sì ti gbà pé kí wọ́n máa wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Màlúù ọmọ náà wà nínú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin kẹfà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ìrù ẹṣin náà já. A ti mú un, a sì ń wò ó.